Màmá tó ń bá wọn ṣèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Atakúnmọ́sà, Iléṣà: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iye ìràwọ̀ tí mo fún wọn kí ẹni tí ò ráyè ka gbogbo ẹ̀ lè máa bá tiẹ̀ lọ: mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù yẹn, ooru ibẹ̀ àti ọmọbìnrin tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló gbé e lọ, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù yìí ò ní bọ́ọ̀dù gidi kankan níwájú o. Tẹ́ ẹ bá ti dé Ọjà Atakúnmọ́sà, ẹ yà sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ, ẹ ó rí ilé alájà kan tí ọ̀dà ẹ̀ ti ń ṣí, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì tí wọ́n sì ń ta káàdì fóònù, òkè ni Màmá wà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má kọ orúkọ àwọn síbí torí àwọn ò fẹ́ kí èrò máa pe àwọn láti Èkó lóru, mo dẹ̀ gbà fún wọn. Ẹni tó bá ti bèèrè Màmá tó ń ṣèwé lọ́wọ́ àwọn aláṣọ yẹn, wọ́n á júwe, kò tiẹ̀ ní parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tí wọ́n á ti máa nàka.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bá èèyàn to ìwé páspọ́ọ̀tì, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ìwé ìbúra ọjọ́ orí, lẹ́tà tí lókà gọ́fúmẹ́ńtì fi ń sọ pé ọmọ ibí lo jẹ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn pọ̀, kódà ó kún Lágéré n'Ifẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé àwọn tó kù á kọ́kọ́ bi ẹ́ pé èló lo ní, Màmá á kọ́kọ́ bi ẹ́ pé ta ló bí ẹ, níbo ni wọ́n bí ẹ sí, ta ló bí bàbá ẹ, ta ló bí ìyá ẹ, níbo ni wọ́n bí àwọn yẹn náà sí. Ìgbà tí wọ́n bá tó mọ ìyẹn tán ni wọ́n á tó sọ ohun tó o nílò, lọ́pọ̀ ìgbà ohun tó o rò pé o nílò kọ́ ni.

Màámi ló gbé wa débẹ̀. Àbúrò mi obìnrin bímọ sí Manchester, ó fẹ́ kí Màámi wá bá òun tọ́jú ọmọ, Màámi ò dẹ̀ ní páspọ́ọ̀tì rí láyé wọn. A kọ́kọ́ lọ bá ejẹ́ńtì kan tí wọ́n júwe fún wa, kì í ṣe Iléṣà ló wà o, bó ṣe wo ìwé Màámi tó rí Kumasi níbi tí wọ́n bí wọn sí, ló bá ní háà, ará Ghana rèé, àfi ká kọ́kọ́ fowó gba ìwé sísọ àlejò di ọmọ ilẹ̀ ná, òun mọ ẹnì kan l'Abuja tó lè bá wa tẹ̀ ẹ́, owó tó dá lé e, èèyàn á fi ra ọ̀kadà tokunbo kan, ṣéńjì á ṣì kù. Màámi kàn ń wò ó ni. Obìnrin tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí ò níwèé ìgbélùú kúrò ní Ghana ní November 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn, bàbá wọn ta ọjà gbàǹjo, ó kó tìyàwó tọmọ sínú lọ́rí, ó di Iléṣà. Ghana ní ẹ kì í ṣe tiwa, kí ẹ máa lọ sílé yín. Wọ́n wá délé, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ejẹ́ńtì ní ẹ kì í ṣe tiwa. Ẹ gbà mí o.

Ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọn ò tiẹ̀ gba ìwé kankan lọ́wọ́ wa. Wọ́n fa nótù ńlá kan yọ, èyí tó léèpo líle, tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ orúkọ onígbèsè, wọ́n fi rúlà fa ìlà kan dábùú ojú ewé, wọ́n kọ 1960 sétí ìlà yẹn. Wọ́n yíjú sí Màámi. "Bàbá yín, ibo ni wọ́n bí wọn sí?" Màámi ní Ìbòkun. Wọ́n kọ ọ́ sókè. "Ìyá yín ńkọ́?" Màámi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Wọ́n kọ ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Màámi sábẹ́ àwọn méjèèjì, Kumasi, 1957, bírò búlúù ni gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fa ọ̀kan láti ara bàbá, wọ́n fa ọ̀kan láti ara ìyá, méjèèjì pàdé lórí Màámi. Wọ́n dé bírò. Wọ́n ní, "Ó ti tán. Ọmọ Nàìjíríà ni yín, kò sí ìwé tẹ́nikẹ́ni fẹ́ tà fún yín. Ẹ̀rí la fẹ́ kó jọ."

Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gan-an, torí gbogbo jìbìtì tí àwọn ejẹ́ńtì ń lù, orí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lù ú. Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé páspọ́ọ̀tì tàbí lẹ́tà lókà ló ń sọ èèyàn di ọmọ orílẹ̀-èdè, kí wọ́n lè tà á fún ẹ. Rárá o. Bí wọ́n ṣe bí ẹ ló ti parí ọ̀rọ̀, ìwé kàn ń jẹ́rìí ẹ̀ ni.

Màmá ní òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 nínú ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, wọ́n ṣí i sí abala 25, wọ́n ní kí n kà á kí n sì máa tú u fún Màámi. Bó ṣe wà níbẹ̀ rèé. Ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà kó tó di October 1, 1960, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí ẹ̀ tàbí òbí àgbà ẹ̀ bá wá látinú ìran tó nilẹ̀ yìí, ọmọ Nàìjíríà ni. (Àlàyé kan wà nídìí ìyẹn: ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn òbí tàbí òbí àgbà yẹn gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ Nàìjíríà.) Ẹni tí wọ́n bí síbí lẹ́yìn òmìnira, tí bàbá, ìyá, tàbí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn òbí àgbà ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun náà ti wọlé. Ẹni tí wọ́n wá bí sẹ́yìn odi, ì báà jẹ́ Kumasi, ì báà jẹ́ Abidjan, ì báà jẹ́ inú yìnyín, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tó kàn Màámi nìyẹn. Òfin ò béèrè páspọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹ, kò bèèrè pé ṣé o gbọ́ Yorùbá.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí ò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tó ti sọ pé tí wọ́n bá ṣáà ti bí èèyàn sórí ilẹ̀ wa, ó di tiwa. Tí tọkọtaya ará China tó wá wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bá bímọ sí Wesley Guild lónìí, ọmọ China ni wọ́n bí, kódà kí wọ́n sọ ọ́ ní Owólabí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ni òfin wa ń wò, kì í wo ọsibítù.

Èyí tó ku iṣẹ́, wọ́n ní ká wá káàdì ìrìbọmi Màámi láti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lọ ní Kumasi, ó wà nínú àpótí, kòkòrò ti jẹ etí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi tó ṣì wà láyé lọ búra ọjọ́ orí ní kọ́ọ̀tù. Lẹ́tà lókà. NIN. Ibi NIN yẹn ni mo ti gbà pé Màmá mọṣẹ́, torí wọ́n rí i pé orúkọ tó wà lórí NIN ní lẹ́tà kan tí kò sí lórí ìwé ìbúra, mo ní ṣe lẹ́tà kan péré, wọ́n ní lẹ́tà kan péré yẹn ló ń dá èèyàn padà láti Òṣogbo, ẹ lọ tún NIN ṣe kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ká tó fojú sí ìyẹn, owó páspọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ ti gun òkè, láti September 1, 2025 ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di ₦100,000, tí olójú ewé 64 ọlọ́dún mẹ́wàá di ₦200,000. Èèyàn ò fi ìyẹn ṣeré. Orí fóònù mi ni Màmá ní kí n ti san án fúnra mi, owó ìjọba ò gba ọwọ́ wọn kọjá, mo dẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á gbọ́ ìyẹn dáadáa. Màámi lọ ya fọ́tò wọ́n tẹ̀ka l'Óṣogbo, wọn ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan nípa Kumasi.

Ti ọmọ Manchester ló wá dùn jù. Nínú ilé wa, látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tá a jọ lọ ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní ti Màámi nìkan ló le, ọmọ ní tiẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ọba Charles, òun ló máa fa gbogbo wa lọ. Màmá bọ́ jígí ojú wọn.

"Físà wo ni ìyá ẹ̀ fi lọ?"

Ó ní ti akẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní ó tẹ̀lé ìyàwó ẹ̀ lọ ni.

"Ọmọ Nàìjíríà lẹ bí. Ẹ kú oríire."

Ẹ bá rójú ẹ̀gbọ́n mi. Màmá wá ṣàlàyé pé ìyẹn ti tán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti January 1, 1983. Kó tó dìgbà yẹn, ọmọ tí wọ́n bá ti bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni, àyàfi ọmọ àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1981 ló yí i padà: lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, bàbá tàbí ìyá gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kó ti gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ò sí nínú ìyẹn. Ọ̀nà ò dí pátápátá ṣá o, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí bá padà gba ìwé ìgbélùú yẹn nígbà tọ́mọ ò tíì pé 18, wọ́n lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ láti di ọmọ ibẹ̀, tàbí kẹ̀ tí ọmọ náà bá gbé ibẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó lò láyé, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Títí dìgbà náà, kí wọ́n lọ gba páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà fún un ní London, dọ́là 150, ọlọ́dún márùn-ún, torí ọmọ tí ò tíì pé 18 kì í gba ọlọ́dún mẹ́wàá. Àbúrò mi ti ń fi ìyẹn falẹ̀ pé ọmọ òun ò nílò ẹ̀, lójú ẹsẹ̀ la pè é lórí fóònù.

Màmá rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ti dà rú, wọ́n wá tù ú nínú. Wọ́n ní ọmọ yẹn lè ṣe gómìnà Ọ̀ṣun lọ́la tó bá wù ú, ó lè ṣe ààrẹ pẹ̀lú, torí ẹni tí òfin ní kó du ipò méjèèjì ni ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, ẹni tí wọ́n dẹ̀ bí sẹ́yìn odi fún òbí tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nípa ìbí ni wọ́n ka tiẹ̀ sí, kì í ṣe ìpele kejì. Ìjọba kan ò tún lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló ń wá gómìnà, Manchester lòun ń wí.

Orí bẹ́ǹṣì tá a jókòó sí la ti ń gbọ́ tàwọn ẹlòmíì, torí kò sí ìkọ̀kọ̀ kankan níbẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Bàbá kan wá láti Ifẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà wọn ló gbẹ́mìí mì, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Màmá fa ìlà wọn, wọ́n bèèrè ibi tí wọ́n bí Bàbá sí, Bàbá ní London, 1966, ìgbà tí bàbá tàwọn lọ kàwé, àmọ́ ọmọ ọwọ́ làwọn nígbà tí wọ́n gbé àwọn padà wálé, àwọn ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Màmá dá bírò dúró. Wọ́n ní Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ wà lápá ibi tó dáa nínú 1983 yẹn? Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1966, ọmọ ibẹ̀ ni, àìgbé ibẹ̀ ò pa á rẹ́. Àwọn ọmọ Bàbá tí wọ́n bí s'Ifẹ̀ ní bí ọdún 1994 síwájú, tí Bàbá sì ti gbé ìyá wọn níyàwó kí wọ́n tó bí wọn, àwọn náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀ látara bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló máa ń dúró sí: ọmọ tí àwọn ọmọ yẹn bá bí sí Nàìjíríà, kò kàn án mọ́, torí ẹni tó rí i gbà látara òbí kì í sábà lè tún gbé e fún ọmọ tí wọ́n bá bí sẹ́yìn odi. Ti Nàìjíríà ní tiẹ̀ kì í tán lọ́wọ́ ìdílé bẹ́ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí tó wà lẹ́yìn odi ń bí ọmọ Nàìjíríà lọ ni.

Bàbá bèèrè bóyá àwọn ò ní pàdánù ti ilé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ní rárá, abala 28 gba ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí láyè láti ní méjì pọ̀, àwọn tó fi nǹkan míì di ọmọ Nàìjíríà ló ní wàhálà níbẹ̀. Ohun tí mo fi yìn wọ́n ni pé wọn ò ní kí Bàbá mú owó wá kí àwọn bá wọn ṣe ti London o, wọ́n ní àwọn kì í ṣe lọ́yà, kí Bàbá lọ wá ìwé ọjọ́ ìbí wọn láti ibẹ̀ kí wọ́n sì bá lọ́yà tó mọ òfin ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Páspọ́ọ̀tì tí wọ́n torí ẹ̀ wá nìkan ni wọ́n gbowó ẹ̀. Bàbá jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nìkan, wọ́n ní gbogbo físà táwọn ti san owó ẹ̀ láyé yìí!

Èyí tó bí mi nínú ni ti ìyàwó kan tó ń ta ata lọ́jà níbẹ̀. Ará Togo lọkọ ẹ̀, télọ̀ ni, ó ti pẹ́ n'Iléṣà débi pé Ìjẹ̀ṣà ló fi ń bá àwọn oníbàárà ẹ̀ jà. Ọmọ wọn àgbà fẹ́ gba lẹ́tà ọmọ bíbí ìlú fún ọ̀rọ̀ ilé ìwé, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì kan ní kó lọ mú ti bàbá ẹ̀ wá láti Lomé. Màmá ṣe fótókọ́pì abala 25, wọ́n fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ibi tó ti sọ pé ọ̀kan nínú òbí méjèèjì, wọ́n ní kí ìyàwó lọ sílé bàbá ẹ̀ kí baálé ilé kọ lẹ́tà pé ọmọ ọmọ àwọn ni, wọ́n wá tẹ̀lé e dé ọ́fíìsì yẹn fúnra wọn. Wọ́n gba lẹ́tà yẹn. Ká sọ òótọ́, òfin ò sọ pé bàbá nìkan ló ń bímọ, àwa ló ń sọ ọ́ lẹ́nu tábìlì kiri, a ó máa bi ọmọ pé ilé bàbá ẹ ńkọ́, bí ẹni pé ìyá kàn bá wọn gbé e dání ni.

Àmọ́ òfin fúnra ẹ̀ náà ní tiẹ̀ lára o. Télọ̀ yẹn bi Màmá bóyá ìyàwó òun lè sọ òun náà di ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n ní rárá. Tó bá jẹ́ pé obìnrin àjèjì ló fẹ́ ọmọkùnrin Nàìjíríà, abala 26 gbà á kó lọ forúkọ sílẹ̀. Ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin Nàìjíríà, kò sí nǹkan tó jọ ọ́ níbẹ̀, àfi kó lo ọdún 15 nílẹ̀ yìí kó tó kọ̀wé sí ìjọba, abala 27 nìyẹn, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé l'Abuja ni wọ́n sì ń gbé ìwé ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Aregbesola tiwa jẹ́ mínísítà níbẹ̀ láti 2019 sí 2023, abala yẹn ò yí padà, òótọ́ ni pé iṣẹ́ mínísítà kọ́ láti yí òfin ìpìlẹ̀ padà, mo kàn ń sọ ọ́ ni. Èmi ò rí ọgbọ́n kankan nínú ẹ̀. Ọmọ tí ọkùnrin yẹn bí jẹ́ ọmọ Nàìjíríà látara ìyá ẹ̀, ìyá yẹn kan náà ò lè fa bàbá ọmọ wọlé.

Àwọn tọkọtìyàwó kan náà wá, oyún ti yọ díẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣètò ìbímọ sí Amẹ́ríkà. Màmá kì í ṣe ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ fún wọn kó tó di pé wọ́n jókòó. Ọkọ ní ṣebí tí wọ́n bá ti bí i síbẹ̀ ó ti di tibẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, láti 1868 ló ti wà nínú òfin wọn, ilé ẹjọ́ gíga jù wọn sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1898 lórí ọmọ àwọn ará China kan tí wọ́n bí sí San Francisco. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Trump padà dórí oyè, January 20, 2025, ló buwọ́ lùwé pé ọmọ ẹni tó wá fi físà ráńpẹ́ wọlé, tí bàbá ẹ̀ náà ò dẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí oníwèé ìgbélùú, kò gbọdọ̀ rí i gbà mọ́, àwọn kọ́ọ̀tù sì dá a dúró. Kódà ká yọ ti Trump kúrò níbẹ̀, láti January 2020 ni àṣẹ ti wà fún àwọn tó ń wo físà pé tí wọ́n bá rí i pé torí kí ọmọ lè di ọmọ Amẹ́ríkà lèèyàn ṣe ń lọ, kí wọ́n má fún un. "Tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́, wọ́n á ní rárá. Tẹ́ ẹ bá parọ́, irọ́ yẹn á wà nínú kọ̀ǹpútà wọn títí ọmọ á fi dàgbà." Wọ́n tún mẹ́nu ba Ireland, tí àwọn èèyàn wa ń sáré lọ bímọ sí nígbà kan, àwọn yẹn dìbò lé e lórí ní 2004, láti January 2005 ni wíwulẹ̀ bí ọmọ síbẹ̀ ò ti tó mọ́. Inú ọkọ ò dùn, ó ní ibòmíì á ṣe é. Màmá ní kò burú, kí wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn ò dáa fún aláboyún.

Ó yá, ẹ̀sùn tèmi. Ooru ibẹ̀ kọjá sísọ. Wíńdò kan ṣoṣo, fáànù kan ṣoṣo, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ á máa ké, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló ń gbé, kò gbé fáànù. Ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé, ọwọ́ ẹ̀ yá, ẹnu ẹ̀ náà yá, ṣùgbọ́n fóònù ló ń wò ju ìwé lọ: ó tẹ 1975 dípò 1957 fún Màámi, ó tún kọ Kumasi bó ṣe wù ú, ìgbà tí mo sọ fún un, ó wò mí láti òkè délẹ̀ kó tó tún un ṣe. Tí kì í bá ṣe pé mo dúró sẹ́yìn ẹ̀ ni, à bá gbé ọjọ́ orí tó kéré gan-an sí ti Màámi lọ bá wọn l'Óṣogbo. Ẹ máa ka gbogbo nǹkan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Màmá bẹ̀ wá, àmọ́ wọn ò bá a wí lójú wa, ó dẹ̀ yẹ kí wọ́n bá a wí.

Wọ́n tún máa ń pẹ́. Ẹnì kan lè jókòó níwájú wọn fún wákàtí kan kí wọ́n máa fa ìlà bàbá ńlá ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ máa dúró. Èmi ò rí i bí àbùkù tó bẹ́ẹ̀ torí ìlà yẹn ló gbà wá lọ́wọ́ ejẹ́ńtì ọlọ́kadà, ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ ní ìràwọ̀ méjì lòun máa fún wọn, mo rò pé ti Manchester ṣì ń dùn ún.

Owó wọn: ₦5,000 fún ìjókòó àti ìlà fífà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n bá yín ṣe é. Wọ́n ń kọ ríṣíìtì, owó ìjọba lọ́tọ̀, owó tiwọn lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kékeré lẹ bá wá, wọn ò ní gbowó ìjókòó rárá, wọ́n kàn máa júwe ọ́fíìsì NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, fún yín ni, wọ́n á sì jágbe mọ́ yín pé kí lẹ ti ń dúró dè, pé láti 1992 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan.

Mọ́ńdè sí Fráídè ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta, àmọ́ ẹ má lọ lọ́jọ́ Wẹ́sidé torí wọ́n máa ń lọ ṣèpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ kọ orúkọ bàbá àti ìyá yín sílẹ̀, tàwọn òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú, ìlú tí wọ́n bí kálukú sí àti ọdún tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ má lọ máa pe àwọn àǹtí yín lórí fóònù níwájú gbogbo èrò bí àwa ṣe ṣe. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání.